Láptọ́ọ̀pù kékeré, iṣẹ́ ńlá: ṣé kọ̀ǹpútà orí cloud lè bá mi gbé Revit àti Blender?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń kọ́. Láptọ́ọ̀pù mi fẹ́lẹ́, RAM rẹ̀ ò ju 8 GB lọ, kò sì ní káàdì gíráfíìkì tirẹ̀. Bí mo bá ti ṣí iṣẹ́ ńlá nínú Revit, áàpù tí a fi ń ya ilé, ṣe ló máa ń háńgì. Rẹ́ńdà kan ṣoṣo, ìyẹn sísọ àwòṣe ilé di àwòrán tó rí bíi fọ́tò, nínú Blender sì lè gba gbogbo òru. Ẹnì kan ní kí n má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun, pé mo lè háyà kọ̀ǹpútà alágbára lórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan tí a ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lò, kí n máa lò ó láti orí láptọ́ọ̀pù yìí, àní láti orí tábúlẹ́ẹ̀tì mi pàápàá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní máa falẹ̀? Owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Àbúrò yín ni."

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ó ṣeé ṣe, ó sì ti pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ayàwòrán ilé àtàwọn tó ń ṣe fíìmù ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù tí kò sọ ni pé agbára ẹ̀rọ tí o bá háyà kọ́ ló máa pinnu bóyá iṣẹ́ náà á dùn ún ṣe. Ọ̀nà tó wà láàárín ìwọ àti ẹ̀rọ náà ni. Bí ọ̀nà yẹn bá já gaara, láptọ́ọ̀pù rẹ yìí ti tó. Bí kò bá já gaara, kò sí káàdì gíráfíìkì tó lè gbà ọ́. Torí náà, ọ̀nà ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, owó á tẹ̀ lé e.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá di máòsì mú tí o ń yí ilé kan wò nínú Revit. Revit ò sí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ rárá. Orí kọ̀ǹpútà Windows kan ló wà, nínú ilé ńlá tí wọ́n kó server, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà níbòmíràn, jọ sí, bóyá ní ìlú mìíràn, bóyá ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí o ṣe sún máòsì, láptọ́ọ̀pù rẹ á fi ìròyìn kékeré ránṣẹ́ pé ọwọ́ rẹ ti kúrò níbí, ó ti dé ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún á gbà á, á gbé e fún Revit, káàdì gíráfíìkì á tún ojú ilé náà yà. Apá kan nínú káàdì yẹn kan náà á wá fún àwòrán ọ̀hún pọ̀ di fídíò, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, láptọ́ọ̀pù rẹ á tú u, á sì gbé e sójú skírìnì. Gbogbo èyí ní láti parí kí ojú rẹ tó fura.

Ẹrù tó ń rìn lọ́nà yẹn kì í ṣe kékeré. Àwòrán kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní ojú-àmì (pixel) 1920 tó sì ga ní 1080, bí wọn ò bá fún un pọ̀, ó lé ní 6 MB. Bí 60 irú rẹ̀ bá ní láti kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi 370 MB nìyẹn. H.264 tàbí H.265, ìfúnpọ̀ kan náà tó wà nínú fídíò tí à ń wò lórí fóònù, ló ń sọ ọ́ di nǹkan bíi 10 sí 20 Mbps (mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìdí nìyí tí láptọ́ọ̀pù tó rẹlẹ̀ fi lè kópa: gbogbo iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó ṣí fídíò lọ. Bí tìrẹ bá ń ṣí fídíò tó mọ́lẹ̀ kedere láìkọsẹ̀, ó tó o ṣe.

Àmọ́ dátà ń lọ o. Bí fídíò náà bá ń sáré ní 15 Mbps láìdábọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 7 GB ní wákàtí kan. Kì í sáà le tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, torí pé bí o bá dúró tí ò ń ro ibi tí ilẹ̀kùn á wà, nǹkan kan ò yí padà lójú skírìnì, dátà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ìgbà tí o bá ń yí ilé wò tàbí tí o ń rìn káàkiri inú rẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́ gan-an. Bí ìwọ̀n dátà lo ń rà, fi èyí sínú ìṣirò rẹ kí o tó tọwọ́ bọ̀wé.

Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa ń polówó Mbps. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ohun mìíràn ló ṣe pàtàkì jù: àkókò tí ìròyìn fi ń lọ tó fi ń bọ̀, tí ping máa ń sọ fún wa. Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn nínú okùn fíbà ń lọ ní nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí server bá jìnnà sí ọ ní 1,000 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ ò lè dín sí milísẹ́kọ́ǹdù 10. Bó bá jẹ́ 5,000 kìlómítà, ó di 50, bó o tiẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yá jù láyé. Lójú ayé ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí okùn kì í lọ tààrà, ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀nà sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìfúnpọ̀ àti ìtúsílẹ̀ fídíò náà á tún fi tiwọn lé e. Owó ò lè ra èyí kúrò. Ohun kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe ni kí o yan ibùdó server tó súnmọ́ ọ jù lọ, iléeṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà a sì máa jẹ́ kí o yàn án níbẹ̀rẹ̀. Má ṣe fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá ọ yàn án.

Bí mo ṣe ń dá a lẹ́jọ́ nìyí. Bí ping bá wà lábẹ́ milísẹ́kọ́ǹdù 30, wàá gbàgbé pé ẹ̀rọ náà ò sí níwájú rẹ. Láti 30 sí nǹkan bíi 70, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára, wàá sì lè fi ya ilé láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá ti kọjá 100, gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ mú igun ògiri kan, ojú máòsì á ti kọjá ibẹ̀ kí o tó rí i, wàá padà, wàá tún kọjá. Iṣẹ́ wákàtí kan á di wákàtí méjì, orí á sì máa fọ́ ẹ. Ẹni tó ń fi bírò tábúlẹ́ẹ̀tì yàwòrán kò tiẹ̀ lè fara da tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń fa ìlà máa ń mọ ìdádúró lára ju ọwọ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì lọ.

Kí ó sì dọ́gba ṣe pàtàkì bíi kó kéré. Ping tó dúró sórí 60 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin sàn ju èyí tó wà ní 20, tó fò sí 180, tó tún padà sí 25 lọ. Má dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí o sọ pé o ti mọ̀ ọ́n. Lórí Windows, ṣí Command Prompt, kọ ping -n 600 àti àdírẹ́sì server náà, kí o jẹ́ kó sáré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣe é ní alẹ́ nígbà tí gbogbo ilé àti àdúgbò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ìgbà yẹn ni òótọ́ máa ń fara hàn. Wo èyí tó ga jù àti iye tó sọnù, má wo ìpíndọ́gba nìkan. Àwọn server kan wà tí wọn kì í dáhùn ping o. Bí tìrẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣí ojú ìwọ̀n tó wà nínú áàpù tí o fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi àkókò àlọ àti àbọ̀ hàn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn èèyàn bá ní cloud ń falẹ̀, Wi-Fi inú ilé wọn ló ń falẹ̀. Fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ router bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, lo 5 GHz dípò 2.4 GHz, kí o sì jókòó sí yàrá kan náà pẹ̀lú router. Bí áàpù tí o fi ń wọlé bá ní ibi tí o ti lè yan UDP dípò TCP, yàn án; ọ̀nà méjì tí ìròyìn fi ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n. Lórí TCP, bí ègé kékeré kan bá sọnù lọ́nà, gbogbo èyí tó ń tẹ̀ lé e á dúró dè é, ohun tí wàá sì rí ni pé àwòrán dì, ó wá fò. UDP á jẹ́ kó kọjá lọ, torí pé àwòrán tuntun ti ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà ńbẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kàn ọ́ gan-an. Láti dín ẹrù kù, fídíò máa ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ ojú-àmì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ojú-àmì mẹ́rin jọ pín àwọ̀ kan lò. 4:2:0 ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Nínú fíìmù, ojú kì í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbé ìlà pupa tín-ín-rín kan lé ilẹ̀ dúdú nínú AutoCAD, áàpù ìyàwòrán mìíràn, kí o fẹjú mọ́ ọn: pupa náà á ti ṣú, etí ìlà á ti rọ̀ wọra, nọ́ńbà kéékèèké tó ní àwọ̀ á sì ṣòro kà. Ojú rẹ ò ní nǹkan kan. Wá 4:4:4, níbi tí ojú-àmì kọ̀ọ̀kan ti ní àwọ̀ tirẹ̀, nínú ètò áàpù náà. Amazon DCV, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tí a fi ń wọlé, ní irú ètò bẹ́ẹ̀, RDP, ọ̀nà ìwọlé ti Windows, náà sì ní in bí wọ́n bá tàn án láti ọ̀hún. PCoIP, ọ̀nà ìwọlé mìíràn tó di ti HP nígbà tí wọ́n ra iléeṣẹ́ Teradici ní 2021, máa ń gba ọ̀nà mìíràn: bí àwòrán bá ti dúró, á máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi rí bó ṣe rí lọ́hùn-ún gẹ́lẹ́. Èyíkéyìí tí o bá lò, má ṣe yan àwọ̀ ìkẹyìn fún iṣẹ́ tó ń lọ sí ìtẹ̀wé nígbà tí àwòrán ṣì ń mì lójú skírìnì. Gbé fáìlì tó ti parí wálẹ̀, kí o wò ó lórí ẹ̀rọ tìrẹ.

Ó kan irú ẹ̀rọ tó yẹ kí o háyà. Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí pé Revit àti Blender ò jẹ oúnjẹ kan náà. RAM ni Revit fẹ́, àti kọ́ọ̀ CPU kan tó yára (kọ́ọ̀ ni apá kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà), nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò mọ bí a ṣe ń pín in fún kọ́ọ̀ púpọ̀. Server orí cloud sì sábà máa ń ní kọ́ọ̀ púpọ̀ tí kò sáré tó ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó dára. Bí o bá lọ háyà ẹ̀rọ oníkọ́ọ̀ 32 nítorí Revit, wàá sanwó ńlá, fáìlì rẹ á sì ṣí bí ẹni pé kọ́ọ̀ mẹ́rin ni. Béèrè fún èyí tí ìyára kọ́ọ̀ rẹ̀ ga, RAM 32 GB, káàdì gíráfíìkì tó mọ níwọ̀n. Kọ́ọ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tó.

Blender ní tiẹ̀, bí o bá fi Cycles, ẹ̀rọ rẹ́ńdà inú rẹ̀, ṣe rẹ́ńdà, káàdì gíráfíìkì ni ẹ̀mí rẹ̀. Wo ìrántí tó wà lórí káàdì fúnra rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. NVIDIA T4 ní 16 GB, A10G ní 24 GB. Bí ilé rẹ, igi tó yí i ká àti àwòrán tí o fi bo ara wọn ò bá gba inú ìrántí yẹn, rẹ́ńdà á falẹ̀ gan-an tàbí kó kọ̀ pátápátá. Ṣọ́ra pẹ̀lú, torí pé kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi háyà ló ní káàdì gíráfíìkì. Èyí tó rọrùn jù lójú ìwé owó Windows 365 tàbí Amazon WorkSpaces, ti iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, kò ní in.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbé yẹ̀wò jù lọ wà níbí. Rẹ́ńdà ò nílò kí o wà níwájú skírìnì rárá. Ohun tí ò ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù rẹ lónìí ni pé o tẹ bọ́tìnnì kan, o sì lọ sùn. Kí ló dé tí wàá fi sanwó fídíò tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nítorí ìyẹn? Kó gbogbo àwòrán tí iṣẹ́ náà ń lò sínú fáìlì kan ṣoṣo pẹ̀lú Pack Resources nínú Blender, gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà Linux kan tó ní káàdì gíráfíìkì, kí o ní kó ṣe é lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú blender -b, orúkọ fáìlì náà, àti -a. Àwòrán kọ̀ọ̀kan á máa bọ́ sínú fódà bó ṣe ń parí. Ping 200 ò pa iṣẹ́ yìí lára. O tún lè lo ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ ń fi háyà ní ẹ̀dínwó ńlá pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn lè gbà á padà nígbàkigbà. Amazon máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú méjì láti múra, Azure, cloud ti Microsoft, ní 30 ìṣẹ́jú àáyá. Fún Revit, ìyẹn léwu. Fún rẹ́ńdà tó ń tọ́jú àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán kan péré ni wàá pàdánù, wàá sì tẹ̀síwájú láti ibi tó dé.

Fáìlì gbọ́dọ̀ máa gbé níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá ń gbé nǹkan lọ sókè ní 5 Mbps, iṣẹ́ 20 GB á gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án kó tó dé ọ̀hún. Gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan, fi sórí díìsìkì tí kò ní pa rẹ́ nígbà tí o bá pa ẹ̀rọ, kí o máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó parí nìkan ni kí o máa gbé wálẹ̀. Gbígbé nǹkan lọ sókè kì í sábà ní owó; gbígbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn ló máa ń ní. Kí ẹ̀dà kan sì wà níbòmíràn tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ yẹn, nítorí bí àkáǹtì bá dí pa, tọmọ tìyá ló máa bá a lọ.

Owó wá. Ọ̀nà méjì ló wà: owó oṣù tí kò yí padà, tàbí owó wákàtí bí mítà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ ní ìparí sáà tó sì máa ń dẹwọ́ láàárín, ti wákàtí ló dára, bí o bá lè pa ẹ̀rọ nígbà tí o bá dìde. Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí yékéyéké: kí o pa áàpù dé lórí láptọ́ọ̀pù rẹ kò pa ẹ̀rọ ọ̀hún. Mítà ṣì ń sáré. Lórí Azure, bó o tiẹ̀ tẹ Shut down láti inú Windows fúnra rẹ̀, owó ṣì lè máa lọ. Àfi kí o lọ sí ojú ìwé àkóso wọn kí o dá a dúró níbẹ̀ títí tó fi kọ deallocated, ìyẹn pé wọ́n ti gba ẹ̀rọ náà padà lọ́wọ́ rẹ. Owó díìsìkì ní tiẹ̀ kì í dúró, ẹ̀rọ ì báà sùn. Ṣètò kí ẹ̀rọ máa pa ara rẹ̀ ní aago kan lálaalẹ́, kí o sì fi ìkìlọ̀ sórí owó àkáǹtì rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Bí iṣẹ́ rẹ bá tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, jálẹ̀ ọdún, ṣe ìṣirò owó ọdún méjì kí o fi wé iye kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ẹni tó ń lò ó tó bẹ́ẹ̀, rírà ló sábà máa ń sàn fún un.

Tábúlẹ́ẹ̀tì á ṣí i, àmọ́ ìka ò ṣeé fi ya ilé nínú Revit. Bọ́tìnnì rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbára lé bọ́tìnnì àárín máòsì. So máòsì àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ó di nǹkan gidi. Bírò tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ tó, béèrè kí o tó sanwó. Áàpù mìíràn ń gbé ìtẹ̀sí yẹn dé ọ̀hún, òmíràn kò gbé e, ìlà rẹ á sì máa nípọn bákan náà látòkèdélẹ̀.

Láísẹ́nsì ò le. Àkáǹtì Autodesk rẹ ló ń ṣí Revit, o lè fi wọlé lọ́hùn-ún, àmọ́ ti ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kò wà fún iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Adobe gbà ọ́ láyè lórí ẹ̀rọ méjì, kọ̀ǹpútà orí cloud sì ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nípa ààbò, ohun kan ṣoṣo ni mo máa tẹnu mọ́: má ṣe ṣí port 3389, ẹnu ọ̀nà tí RDP ń gbà wọlé, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn yẹn kí wọ́n máa dán páásíwọọ̀dù wò lọ. Gba ẹnu ọ̀nà tí iléeṣẹ́ náà pèsè wọlé, tàbí VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì fi ìdánilójú ìgbésẹ̀ méjì kún un.

Tìrẹ wá, bó ṣe yé mi. Yẹ láptọ́ọ̀pù rẹ wò ná bóyá ó láyè fún RAM sí i. Autodesk fúnra wọn ní 16 GB ni ó kéré jù fún Revit 2024, torí náà 8 GB rẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn náà, háyà ẹ̀rọ oníwákàtí fún ìrọ̀lẹ́ kan, ní ibùdó tó súnmọ́ ọ jù. Gbé fáìlì tó ń dà ọ́ láàmú jù lọ lọ síbẹ̀, má lo èyí tó rọrùn. Yí ilé náà wò, gé e ní section, fa ògiri, kọ dimension, fún ó kéré tán wákàtí kan, torí àárẹ̀ ojú kì í hàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá balẹ̀, máa háyà rẹ̀ ní àkókò tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ping bá kọjá 100, fi Revit sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, fi owó yẹn ra RAM, kí o sì máa gbé rẹ́ńdà Blender nìkan lọ sórí cloud.